Awẹ́ Ọmọ́wálé

Ó ti rẹ̀ mí kí wàhálà ọjọ́ yẹn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ẹnu mi ti mú jù. Ẹni tó bá dúró láti àárọ̀ ní ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, tó ń ká bébà, tí gọ́ọ̀mù gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́ títí dé ìgúnpá, tó tún wá fẹsẹ̀ rìn dé Abúlé Òkúta torí pé epo ọkọ̀ tún ti wọ́n, kò dìgbà tí ẹnì kan bá bí ẹni yẹn nínú. Inú rẹ̀ ti bí kó tó délé.

Ìgbà tí àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún àwọn alágbádá ni. Gbogbo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Ṣómólú ló ń tẹ kàlẹ́ńdà. Alága ń tẹ̀ ẹ́, igbákejì alága ń tẹ̀ ẹ́, ẹni tó kàn bá alága ya fọ́tò lẹ́ẹ̀kan náà ń tẹ̀ ẹ́. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín nínú kàlẹ́ńdà, eyín funfun báláú. Àwa tí à ń ká a, a ò rí ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ìgbà yẹn náà ni ajá wọ ilé wa. Rùkáyátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n màámi, ló gbé e wá. Ó ń se oúnjẹ fún ọ̀gá ṣọ́jà kan ní Ìkòyí. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ọ̀gá tó ti pẹ́ nídìí ìjọba lọ sinmi nílé, ọ̀gá Rùkáyátù kó àga, ó kó ẹ̀rọ amúlétutù, ó kó ìyàwó, ó fi ajá sílẹ̀. Ajá funfun kékeré, irun bo ojú ẹ̀, kò tó ológbò tó jẹun kánú. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: Jẹ́nẹ́rà ni wọ́n sọ ọ́.

Bàbá Adéníjì tó ni ilé tí à ń gbé rí i, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

“Jẹ́nẹ́rà rèé? Ẹ kú àbọ̀ o, ọ̀gá mi. Ìjọba ti bọ́ lọ́wọ́ yín. A ò ní ẹran inú agolo níbí o, ẹ̀bà la ní.”

Ẹ má bínú, mi ò ní pe Bàbá Adéníjì ní “wọ́n” nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ̀ pé àgbà ni. Ẹ kà á tán ná.

Ṣé ẹ rí màámi, wọn kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá bi wọ́n ní nǹkan, wọ́n á dáhùn: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, mo ti jẹun. Ó parí. Láti ìgbà tí Ọmọ́wálé àbúrò mi ti lọ ra búrẹ́dì ní Fádèyí, nígbà rògbòdìyàn ìbò tí wọ́n fagi lé, tí ọta ìbọn bà á lójú títì, ni wọ́n ti rí bẹ́ẹ̀. Ta ló yin ìbọn náà? A ò mọ̀. Mo bèèrè títí ẹnu mi fi bó. Nígbà tó yá, àwọn ará ilé ò pe màámi ní Ìyá Ọmọ́wálé mọ́, wọ́n ní kí àwọn má baà tún egbò náà dá. “Màmá” lásán ni wọ́n ń pè wọ́n, bí ẹni ń pe obìnrin tí kò bí ẹnì kankan.

Ajá yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Mò ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ ohùn nínú yàrá wa, ohùn tí mo ti gbàgbé.

“Jẹ́nẹ́rà, kí ló dé tí o ò jẹun? Ṣé ata ló pọ̀ jù?”

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, màámi ti ń kí èèyàn nídìí kànga, wọ́n ti ń bú àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lu ògiri. Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní Ìyá Jẹ́nẹ́rà, wọ́n sì ń jẹ́ ẹ. Èmi ò fẹ́ràn ajá o. Ìgbẹ́ ẹ̀, èmi ni mò ń kó o. Eégbọn ara ẹ̀, èmi ni mò ń já a. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ dájú pé ọjọ́ tí ajá yẹn bá kú, ohùn màámi á bá a lọ, mi ò sì mọ ibi tí èèyàn tún ti ń rí ohùn ìyá ẹ̀ rà.

Obì ni kò jẹ́ kí màámi gbàgbé nǹkan kan. Wọn kì í jí kí wọ́n má jẹ obì. Obì àbàtà, olójú mẹ́rin. Wọ́n á là á, wọ́n á tò ó sínú àwo: awẹ́ kan tiwọn, awẹ́ kan tèmi, awẹ́ kan ti àlejò bí àlejò bá yà, awẹ́ kan ti Ọmọ́wálé. Bí wọ́n ṣe ń pín in nìyẹn nígbà tí Ọmọ́wálé wà láyé, kò sì sẹ́ni tó láyà láti sọ fún wọn pé ìpín náà ti yí padà. Ojú fèrèsé ni wọ́n ń kó tirẹ̀ sí. Ẹ bá rí ojú fèrèsé wa nígbà yẹn, awẹ́ obì tó ti gbẹ, tó ti dúdú, ló kún ibẹ̀.

Nígbà tí Jẹ́nẹ́rà dé, òun ni wọ́n ń fi awẹ́ náà lọ̀. Á lá a, á gbọn orí, á tu ú dànù, á sì wo màámi bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Màámi á bú sẹ́rìn-ín.

“Bí Ọmọ́wálé náà ṣe ń ṣe ní kékeré nìyẹn. Kò fẹ́ ẹ.”

Mo rò pé eré ni. Eré náà sì ni, títí eyín màámi fi tán. Àwọn èyí tó kù fún wọn lẹ́nu bọ́ lọ́sẹ̀ kan náà, wọn ò rí obì fọ́ mọ́. Mo mú agolo mílíìkì tó ti ṣófo, mo fi ìṣó lù ú níhò yí ká, mo gbé e fún wọn kí wọ́n máa fi rin obì wọn, kó lè kúnná. Mo tiẹ̀ ń yangàn. Mo ní mo gbọ́n.

Ó wá ku Kàsúmù. Yàrá ẹ̀ kọjú sí tiwa. Òun náà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ òru ni tiẹ̀, ojúmọmọ ló fi ń sùn. Ojúmọmọ náà sì ni Jẹ́nẹ́rà fi ń gbó. Ìyẹn nìkan kọ́. Mùsùlùmí tó mú ìrun ní ọ̀kúnkúndùn ni Kàsúmù. Lọ́jọ́ kan Jẹ́nẹ́rà lá ẹnu kẹ́tùrù tó fi ń ṣe àlùwàlá, ó sì jókòó sídìí kànga, ó ń fọ kẹ́tùrù náà lẹ́ẹ̀meje bí ẹ̀sìn ẹ̀ ṣe ní kó fọ̀ ọ́, oorun ń gbé e lọ bó ṣe ń fọ̀ ọ́. Ó fọ̀ ọ́ tán, ó dìde, ó na kẹ́tùrù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Ẹ gbọ́ o, gbogbo ará ilé! Bí ajá yìí bá tún dí mi lójú oorun, màá fún un ní nǹkan tó máa jẹ tó máa sùn!”

Gbogbo wa gbọ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, jẹnẹrétọ̀ kú níbi iṣẹ́, ọ̀gá ní ká máa lọ. Mo délé, oòrùn ò tíì wọ̀. Màámi dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n di Jẹ́nẹ́rà mọ́ àyà. Ajá náà ń gbọ̀n bíi kòkòrò tí iná mànàmáná gbé. Ahọ́n ẹ̀ yọ síta, ó ń mí fùkẹ̀fùkẹ̀, ojú ẹ̀ là kalẹ̀, ó ti tọ̀ sára ìró màámi. Wọ́n gbé e sílẹ̀, ó sáré lu ògiri, ó sáré padà, ó ṣubú, ó tún dìde.

“Kí ló jẹ, Màámi?”

Màámi wò mí. Wọn ò fọhùn. Ẹ̀rù bà mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ó ti ń padà wá, mo rí i lójú wọn: ilẹ̀kùn tó ń tì.

Mo yíjú sí yàrá tó kọjú sí tiwa.

“Kàsúmù! Kàsúmù, jáde síbí!”

Bọ̀dá Kàsúmù ni mo ń pè é tẹ́lẹ̀, torí ó jù mí lọ. Lọ́jọ́ yẹn mo gé “bọ̀dá” dànù, mo sì gé “ẹ” tẹ̀lé e. Ó jáde, ó ró ìró mọ́dìí, ojú ẹ̀ pọ́n.

“Kí ló dé? Ṣé iná ń jó ilé ni?”

“Kí lo fún ajá?”

“Ajá wo?”

“Ajá wo? Ajá mélòó ló wà nínú ilé yìí? Ìwọ lo sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé wàá fún un ní nǹkan jẹ. Ó ti jẹ ẹ́. Wá wò ó, kí ọkàn ẹ balẹ̀!”

“Dọlápọ̀, mo ti ń sùn láti àárọ̀. Wàllàhí, mi ò —”

“Gbé wàllàhí ẹ jókòó! Ọwọ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀, tó ń fọ kẹ́tùrù lẹ́ẹ̀meje, òun lo fi po májèlé!”

Kò bínú. Ó rẹ òun náà. Ó kàn bẹ̀rẹ̀, ó wo Jẹ́nẹ́rà bó ṣe ń jà pìtì nílẹ̀.

“Mo ní màá fún un ní nǹkan tó máa sùn,” ó ní. “Ṣé èyí ń sùn?”

Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Mo gbọ́ ọ, mi ò gbà á. Mo tún bú u. Mo bú ojú ẹ̀, mo bú iṣẹ́ òru ẹ̀, mo bú kẹ́tùrù. Àwọn ará ilé ti jáde kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá Adéníjì ló ṣáájú wọn, ó gbé ìgò epo pupa dání bí ẹni tó ti ń retí ìpè.

“Ẹ fún un lépo! Epo ló ń pa májèlé!”

Ó di ajá lẹ́nu mú, ó da epo sí i. Ìdajì wọ ọ̀fun, ìdajì ṣàn sára irun funfun, Jẹ́nẹ́rà wá dà bí ẹni tí wọ́n yìnbọn fún. Màámi rí i, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Adéníjì nu ọwọ́ sára ògiri, ó yíjú sí Kàsúmù.

“Kó ẹrù ẹ. Kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó ń pa ajá lónìí, ta ló mọ ẹni tó kàn lọ́la? Mi ò gba apànìyàn sílé.”

“Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé —”

“Kó ẹrù ẹ!”

Gbogbo ilé ló mọ̀ pé Bàbá Adéníjì fẹ́ gba yàrá yẹn. Ó fẹ́ sọ ọ́ di ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú ẹ̀, kó lè máa jókòó síbẹ̀ kí wọ́n máa kí i ní lídà. Èmi náà mọ̀. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Èmi tí mi ò bẹ̀rù ọlọ́pàá, tí mi ò bẹ̀rù alága, mo dákẹ́, torí inú mi dùn pé ẹnì kan jìyà.

Mo kó aṣọ àkísà sínú agbọ̀n, mo tẹ́ Jẹ́nẹ́rà sí i. Màámi na ọwọ́ sí mi bí mo ṣe ń jáde. Ẹnu wọn ṣí. Ohùn ò jáde.

Ọ̀kadà ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko tó wà ní Fádèyí. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni, ó ń ta oúnjẹ adìẹ níwájú, ó ń tọ́jú ẹran lẹ́yìn. Dókítà Japhet ni wọ́n ń pè é, ọ̀dọ́mọkùnrin tínínrín kan tó jọ pé òun gan-an ò jẹun láti àárọ̀. Ó fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà ajá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè.

“Kí ló jẹ?”

“Ohun tí àwa náà ń jẹ.”

“Ìyẹn gan-an ni wàhálà, màdáámù. Ọbẹ̀ tó ní àlùbọ́sà ńkọ́?”

“Dókítà, ọbẹ̀ wo ni kò ní àlùbọ́sà?”

“Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́. Àwọn kékeré bí èyí, díẹ̀ ti pọ̀ jù fún wọn. Egungun adìẹ sísè?”

“Àwa tí a ra adìẹ kì í jẹ́ kí egungun kù.”

“Èso àjàrà? Ṣokoléètì?”

“Ẹ gbọ́, Dókítà. Abúlé Òkúta ni mo ti wá. Èmi alára ò tíì fi ẹnu kan àjàrà rí, àfi èyí tí pásítọ̀ ń kà nínú Bíbélì.”

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

“Ẹni tó da epo sí i lẹ́nu ńkọ́?”

“Onílé wa. Ó ní epo ló ń pa májèlé.”

“Epo ò pa nǹkan kan. Bó bá gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, òun gan-an á pa á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ṣe é.” Ó tún gbọ́ àyà ajá. “Ó ń sáré. Ó ń sáré bí ẹni tó mu ìkòkò kọfí kan tán. Ṣé ẹ̀ ń mu kọfí nílé ni? Tíì? Nǹkan tí wọ́n fi kòkó ṣe?”

“A kì í mu kọfí.”

Ó gún un lábẹ́rẹ́ kó lè bì. Kò pẹ́ tó fi bì. Epo ló kọ́kọ́ jáde, ẹja sísè tẹ̀lé e, lẹ́yìn ẹja ni nǹkan kan tó rí wẹ́wẹ́wẹ́, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bí ìyẹ̀fun tó ń jáde lábẹ́ ayùn káfíńtà. Dókítà fi igi tú u wò.

“Kí rèé?”

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Mo mọ àwọ̀ yẹn. Ó wà lórí ìka màámi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó wà lára agolo mílíìkì tí èmi fúnra mi fi ìṣó lù. Mo fìdí lé àpò oúnjẹ adìẹ.

“Obì ni,” mo ní.

“Obì? Ta ló fún ajá lóbì?”

Mo fa àkísà kan nínú agbọ̀n, mo ń fi nu ẹnu ajá.

“Màdáámù, kọfí lobì lára ajá. Ohun tó ń lé oorun lọ lójú dírẹ́bà tó ń lọ sí Kánò, ohun kan náà ló wà nínú ẹ̀. Èèyàn bíi tèmi tiyín jẹ ẹ́, ojú wa á dá. Èyí tí kò kún agbọ̀n yìí jẹ ẹ́, àyà ẹ̀ á fẹ́ bẹ́. Báwo ló ṣe pọ̀ tó?”

Mo rò ó níbi tí mo jókòó sí. Àlejò ò yà lọ́jọ́ yẹn. Èmi ò gba tèmi, torí mò ń sáré lọ síbi iṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá fi awẹ́ lọ̀ ọ́, á tu ú. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n rin kúnná, tí wọ́n pò mọ́ ẹja sísè, ta ló máa tu ẹja?

“Awẹ́ mẹ́ta,” mo ní.

Dókítà súfèé. “Ẹ fi í sílẹ̀ síbí. Màá fún un ní èédú lílọ̀ tó máa fa oró mu, màá fún un ní omi. Àmọ́ mi ò ṣèlérí o.”

Mi ò gun ọ̀kadà padà. Mo fẹsẹ̀ rìn, mo gba Fola Agoro, agbọ̀n òfìfo ń lù mí nítan. Àwọn télọ̀ ń kó ẹ̀rọ wọlé, àwọn oníbúrẹ́dì ń polówó. Mi ò rí ìkankan nínú wọn. Ohun tí mò ń gbé rù wúwo ju ajá lọ. Bí mo bá dákẹ́, Kàsúmù á sùn sí títì nítorí ẹnu mi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, màámi á gbọ́ pé ọwọ́ wọn ló fún un, pé awẹ́ ọmọ wọn ló fẹ́ pa ohun kan ṣoṣo tó dá ohùn wọn padà. Mo ti bá ọlọ́pàá jà lójú ọ̀nà rí. Mo ti fa aṣọ ya mọ́ agbowó òde lọ́rùn. Lọ́jọ́ yẹn, mò ń bẹ Ọlọ́run kí ọ̀nà ilé wa gùn sí i.

Kò gùn. Mo dé ojúlé, mo bá bẹ́ẹ̀dì Kàsúmù níta, kẹ́tùrù lórí bẹ́ẹ̀dì, Kàsúmù fúnra ẹ̀ jókòó sí etí rẹ̀, ó fi ọwọ́ lẹ́rán, ojú ẹ̀ ń pa dé, ó ń là á. Bàbá Adéníjì ti ń wọn yàrá pẹ̀lú ẹsẹ̀. Màámi jókòó sí ẹnu ọ̀nà wa. Wọ́n wo agbọ̀n. Wọ́n rí i pé ó ṣófo.

“Kò kú o,” mo ní kíá. “Kò kú, Màámi. Ó wà lọ́dọ̀ dókítà.”

Lẹ́yìn náà mo yíjú sí gbogbo ilé, mo gbóhùn sókè kí n má baà ronú.

“Ẹ dá ẹrù Bọ̀dá Kàsúmù padà. Wọn ò fún ajá ní nǹkan kan. Obì ni ajá jẹ. Obì ń pa ajá, èmi ò mọ̀. Èmi ni mo fún un.”

Bàbá Adéníjì yọjú síta. “Ìwọ? Ìwọ Dọlápọ̀ tí o kì í fẹ́ kí ajá yẹn kan ìró ẹ, ìwọ lo bá a pín obì? Irọ́ ẹ ò tiẹ̀ gún.”

“Mo ní èmi ni! Ṣé inú àpò yín ni mo ti ń mú irọ́?”

“Irọ́ ni.”

Èmi kọ́ ni mo sọ ìyẹn, Bàbá Adéníjì náà kọ́. Ẹnu ọ̀nà wa lohùn náà ti wá. Màámi ti dìde, wọ́n di férémù ilẹ̀kùn mú.

“Irọ́ ni, Dọlápọ̀. Má purọ́ mọ́ ara ẹ. Èmi ni. Mo rin ín, mo pò ó mọ́ ẹja. Kò fẹ́ jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, mo wá ọgbọ́n tí á fi jẹ ẹ́.” Wọ́n mí. “Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ni mo ti fura. Mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń lé ọmọ ọlọ́mọ jáde. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi, kò ṣe é sọ ni.”

Èmi alára, mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ léraléra láti ọdún wọ̀nyẹn wá. Bàbá Adéníjì ṣe kùùkùù, ó ní ṣùgbọ́n Kàsúmù ti lérí, ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu náà ń pa èèyàn.

“Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ń pa èèyàn, Bàbá,” mo ní, “ẹ̀yin ì bá ti kú lọ́wọ́ mi látàárọ̀. Ẹ kúrò nínú yàrá oníyàrá.”

“Èmi ni mo nilé!”

“Ẹ kúrò nínú yàrá ẹni tó ń gbébẹ̀, ẹ jẹ́ kó ráyè sùn.”

Ó lọ. Ó ń ráhùn lọ, ṣùgbọ́n ó lọ.

Màámi ti padà wọlé. Wọ́n tún jáde, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ obì wọn lọ́wọ́, odindi apẹ̀rẹ̀ tí àwọn ẹbí fi ránṣẹ́ sí wọn láti Rẹ́mọ, agolo mílíìkì jókòó lórí ẹ̀. Wọ́n ń gbé e lọ sídìí gọ́tà. Wọn ò sunkún. Wọ́n ń rìn bí ẹni tó fẹ́ lọ da omi ìfọṣọ nù. Mo mọ̀ pé bí obì yẹn bá wọ gọ́tà, wọn ò tún ní là á mọ́, àwo á ṣófo láàárọ̀, ilẹ̀kùn yẹn á tì pátápátá.

Kàsúmù ló sọ̀rọ̀. Kò tiẹ̀ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

“Ìyá Ọmọ́wálé,” ó ní.

Ẹsẹ̀ màámi dúró. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe orúkọ yẹn nínú ilé wa.

“Ẹ má dà á nù. Ẹ̀bi obì kọ́. Awẹ́ tí ẹ̀ ń fún ajá yẹn, ẹ máa fún mi.”

Màámi yíjú sí i. “Ti Ọmọ́wálé ni.”

“Mo mọ̀. Fèrèsé mi kọjú sí tiyín. Láti ọdún tí mo ti débí, awẹ́ tó wà lójú fèrèsé yín ni mo máa ń wò kí oorun tó gbé mi.” Ó fọwọ́ pa ojú. “Ẹnu èèyàn ló yẹ kó jẹ ẹ́.”

Màámi gbé apẹ̀rẹ̀ padà wọlé. Wọ́n mú agolo mílíìkì orí ẹ̀, wọ́n jù ú sí gọ́tà.

Mo sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹnu mi wúwo.

“Bọ̀dá Kàsúmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má —”

“Gbé ‘bọ̀dá’ yẹn dání ná,” ó ní. “Di orí bẹ́ẹ̀dì yìí mú, kí n wọlé. Mo máa lọ síbi iṣẹ́ láìpẹ́, mi ò tíì sùn tó.”

A gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé. Mo fọ kẹ́tùrù fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ajá ò kàn án lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí Dókítà Japhet ní kí n wá gbé Jẹ́nẹ́rà, ó ti rù, epo ti sọ irun ẹ̀ di pupa rúsúrúsú, ó ń rìn bí arúgbó. Ṣùgbọ́n ó dá màámi mọ̀. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń ka ohun tí kò ní jẹ mọ́ fún un bí ẹni ń ka òfin ilé fún àlejò: kò ní jẹ obì, kò ní jẹ ọbẹ̀ alálùbọ́sà, kò ní jẹ egungun adìẹ. “Èso àjàrà náà ńkọ́?” mo bi wọ́n. Wọ́n ní kí n má ṣe yẹ̀yẹ́ òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo gbé e dé, kí n tó jáde lọ síbi iṣẹ́, màámi la obì. Wọ́n tò ó sínú àwo bí wọ́n ṣe ń tò ó. Èmi náà dúró gba awẹ́ tèmi, mo jẹ ẹ́, ó korò. Kàsúmù ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, tàdáwà dúdú kún èékánná ẹ̀, ojú ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tì pátá. Ó kí wọn, ó na ọwọ́. Wọ́n fi awẹ́ sí i. Ó fẹ́ fi sápò.

“Jẹ ẹ́ níbí,” màámi ní.

“Ìyá Ọmọ́wálé, bí mo bá jẹ ẹ́ báyìí, mi ò ní rí oorun sùn títí dọ̀sán.”

“Mo ní jẹ ẹ́. Bí òun náà ṣe máa ń ṣe àwáwí nìyẹn.”

Ó wò mí. Mo gbójú sókè. Ó jù ú sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́, ojú ẹ̀ ń fún pọ̀ bíi ti ọmọ tí wọ́n fún ní àgbo. Màámi ń wo ẹnu ẹ̀ títí ó fi gbé e mì.

Ilé iṣẹ́ tún lé wa wálé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, jẹnẹrétọ̀ náà ni. Mo bá Kàsúmù lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, ojú ẹ̀ là bíi fìtílà, Jẹ́nẹ́rà dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sún mọ́ ọn jù, òun náà ń wò ó. Màámi wà láàárín wọn, wọ́n ń sọ ìtàn kan nípa Ọmọ́wálé àti ewúrẹ́ ẹnì kan ní Rẹ́mọ, ìtàn tí èmi alára ò gbọ́ rí. Mo fẹ́ dúró gbọ́ ọ. Ó rẹ̀ mí jù. Mo wọlé, mo na ara mi sílẹ̀ láì bọ́ aṣọ, mo ń gbọ́ ohùn wọn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ bó ṣe ń lọ, bó ṣe ń lọ, oorun sì gbé mi.